Iná Àjùmọ̀dá: Ìtàn Igi àti Ooru ní Etí Ọ̀sà Bàrígà àti Ṣómólú

Kò sí ẹni tó ń dáná sí yàrá ní Bàrígà nítorí òtútù. Ọyẹ́ lè fẹ́ láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kínní, kí ètè máa bó, kí àgbàlagbà máa wá aṣọ bora ní ìdájí, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gòkè, ooru a tún padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pìtàn Bàrígà àti Ṣómólú láìdárúkọ iná igi, ìdajì ìtàn ló máa pa. Iná igi ló yan ẹja tó sọ etí ọ̀sà di ọjà, òun ló ṣe búrẹ́dì tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń jẹ, òun náà ló sì gbọ́ oúnjẹ ayálégbé ní gbogbo ìgbà tí kẹrosíìnì bá wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Denmark àti Sweden, ilé iná kan ṣoṣo ń jó àjákù igi, omi gbígbóná sì ń gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ mú ilé, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn móoru káàkiri ìlú. Ohun ìdáná kan náà ni. Ibi tí ọ̀nà ti yà láàárín tiwọn àti tiwa ni ìtàn yìí ń wá.

Igi tó gba ojú omi wọlé

Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbilẹ̀, ojú omi ni igi ń gbà wọ Èkó. Àwọn agégi yóò gé ìtì nínú igbó Oǹdó, ti Ìjẹ̀bú àti ti ilẹ̀ Bìní, wọn yóò yí i sódò, wọn yóò so ìtì mọ́ ìtì, ọkọ̀ ojú omi yóò sì máa wọ́ ọ gba ọ̀sà bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Arère fúyẹ́, ó ń léfòó. Igi tó bá wúwo ni wọ́n ń so mọ́ èyí tó fúyẹ́ kó má baà rì. Etí omi Èbúté-Mẹ́ta ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, ní Oko Bàbá, tó di ọ̀kan nínú àwọn ọjà pákó tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ dé Bàrígà kò jìnnà. Mákòko ló kọ́kọ́ wà láàárín, ọgbà Yunifásítì Èkó ní Àkọkà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Ìlàjẹ Bàrígà.

Bí ayùn bá la ìtì, bí ìdajì rẹ̀ péré ló ń di pákó títà. Ìyókù a di èèpo, àjákù àti lẹ́búlẹ́bú. Èèpo àti àjákù kì í pẹ́ nílẹ̀, nítorí àwọn tó ń yan ẹja àti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń dúró dè é. Lẹ́búlẹ́bú ló ṣòroó kó tán. Àwọn olùsìn adìyẹ a máa kó díẹ̀ lọ tẹ́ sí abẹ́ adìyẹ wọn. Àwọn ìdílé kan a máa kì í sínú agolo ńlá, wọn á fi igi gbọọrọ sí àárín kó lè ní ihò, wọn á yọ igi náà, wọn á sì ti iná bọ ihò ọ̀hún láti ìsàlẹ̀. Sítóòfù bẹ́ẹ̀ lè jó fún wákàtí mélòó kan láìsí ẹni tó ń kó igi sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́búlẹ́bú, etí omi ni wọ́n ń dà á sí.

Níbẹ̀ ló ti di ilẹ̀. Ẹni tí kò lówó ra ilẹ̀ gbígbẹ ní Èkó á ra àyè nínú àbàtà, á fi lẹ́búlẹ́bú pákó àti pàǹtírí kún un, á da yanrìn lé e, á sì kọ́lé. Ọ̀pọ̀ ilé ní Mákòko àti ní etí omi Bàrígà dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó sì wà ní gbangba ń jó jẹ́jẹ́ láti inú, tọ̀sán tòru, òun ló fà á tí èéfín fi sábà máa ń bo apá kan afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí tán pátápátá ní 1990. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní etí ọ̀sà yìí, abẹ́ ilé ni ohun tó lè jó wà, wọ́n sì ń sùn lé e lórí.

Àwọn tó dáná

Orúkọ àdúgbò ti sọ ìdajì ìtàn àwọn tó tẹ etí omi yìí dó. Ìlàjẹ wá láti etí òkun tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, ilẹ̀ Ugbò àti Mahin, níbi tí àwọn ará Ayétòrò ti dá ìlú ìjọ wọn sílẹ̀ ní 1947 lórí ìlànà pé ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Ègùn wá láti Àgbádárìgì àti láti apá Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n sì ní Àgọ́ Ègùn tiwọn ní Bàrígà. Iṣẹ́ pín láàárín ọkọ àti aya: ọkùnrin ń lọ sójú omi pẹ̀lú àwọ̀n, obìnrin ń dúró ní èbúté láti gba ẹja. Ẹja tí a pa lówùúrọ̀ ní ilẹ̀ olóoru á ti máa bàjẹ́ kó tó di alẹ́, yìnyín kò sì sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Nítorí náà iná ni ibi ìpamọ́.

Kì í ṣe iná kan ni wọ́n ń dá. Wọn á fọ ẹja, wọn á fi iyọ̀ sí i, wọn á ká èyí tó gùn, wọn á sì tò wọ́n sórí wáyà lórí ààrò amọ̀ tàbí dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti gé nídìí. Iná àkọ́kọ́ le, ó ń sè é. Lẹ́yìn náà wọn á fa igi jáde, wọn á fi èyí tó ń rú èéfín sílẹ̀, kó máa gbẹ ẹja fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn á sì máa yí i padà. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ náà ń fi àwọ̀ ẹja àti ìró rẹ̀ lórí wáyà mọ ìgbà tó gbẹ. Láti ibẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ ń lọ sí Oyíngbò àti sí àwọn ọjà mìíràn. Nígbà tí ẹja inú ọ̀sà dín kù, tí ẹja tútù inú yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkè òkun wọlé, ààrò kan náà ni wọ́n fi ń yan án.

Ìyà iṣẹ́ náà wà ní ojú àti nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa mílíọ̀nù 3.2 èèyàn káàkiri ayé ní 2020 nìkan. Ẹni tó ń yan ẹja sì ń fa ju ti ìdáná lásán lọ, nítorí èéfín gan-an ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Láàárín 1969 sí 1971, ní abúlé apẹja kan tó ń jẹ́ Chorkor nítòsí Accra, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí oúnjẹ ilẹ̀ Ghana àti FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, bá àwọn obìnrin ibẹ̀ jókòó, wọ́n sì ṣe ààrò tuntun jáde. Amọ̀ ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń to àtẹ onígi olójú wáyà léra lórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn àtẹ náà gan-an ló ń di ilé tó há ooru mọ́. Igi tó ń jẹ kéré, ẹja tó ń gbà pọ̀, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2008 ni ti Thiaroye ní Senegal tẹ̀ lé e: ó ya iná tó ń se ẹja sọ́tọ̀ kúrò lára èéfín tó ń fún un ní òórùn, kí ọ̀rá tó ń kán sórí iná má baà sọ èéfín di májèlé. Ìdí owó wà nídìí rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2014, àwọn orílẹ̀-èdè àpapọ̀ Yúróòpù kì í gba ẹja yíyan tí benzo(a)pyrene, májèlé inú èéfín, bá ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílógíráàmù rẹ̀ kan. Ìyá oníṣòwò tó bá fẹ́ kí pànlá rẹ̀ dé orí àtẹ níbẹ̀ ní láti mọ irú iná tó ń dá.

Búrẹ́dì, èédú ilẹ̀ àti ooru tó ṣòfò

Ní 1913, Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè ní Èkó. Ní 1921 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, òwò náà sì gbòòrò títí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé búrẹ́dì pọ̀ káàkiri ìlú, títí kan àwọn tó sọ búrẹ́dì Agége di olókìkí. Ààrò alámọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Wọn á kó igi sínú rẹ̀, wọn á jẹ́ kó jó títí ògiri á fi gbóná dáadáa, wọn á gbá eérú kúrò, wọn á wá kó ìyẹ̀fun pípò sí i. Ooru tí ògiri ti fi pamọ́ ló ń se búrẹ́dì náà. Ìlànà tí àwọn ará Denmark ń lò kò yàtọ̀ sí èyí: dáná ńlá níbi kan, fi ooru pamọ́ sínú ohun tó lè gbé e, kí o sì lò ó nígbà tí o bá fẹ́. Amọ̀ ló gbé tiwa, omi ló ń gbé tiwọn.

Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923. Èédú ilẹ̀ Enugu ló ń jó. Ọkọ̀ ojú irin á gbé èédú náà dé Port Harcourt, ọkọ̀ òkun á sì gbé e wá sí Èkó. Ilé iṣẹ́ tó ń fi ooru omi pa mànàmáná kì í rí ju díẹ̀ lọ lò nínú ooru tó dá. Ó lé ní ìdajì tó ń bá omi ìtutù lọ. Ní 1950 ni wọ́n dá ECN, àjọ mànàmáná Nàìjíríà, sílẹ̀. Ọdún náà gan-an ni àwọn ará Pimlico ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ooru tí ilé iṣẹ́ mànàmáná Battersea ì bá dà sínú odò Thames. Páìpù gba abẹ́ odò kọjá, ó sì ń mú ilé wọn móoru. Ní Èkó, omi gbígbóná Ìjọrà kò ní ibi tó ń lọ ju ọ̀sà lọ. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbìn nítòsí Ìkòròdú, tó dé ní 1985 pẹ̀lú agbára mẹ́gáwáàtì 1,320, ọ̀sà náà ló ń fi tu ara rẹ̀ lára. Gáàsì ló ń jó, ṣùgbọ́n ooru tó ń dà nù, ooru náà ni.

Ààlà tó dá páìpù dúró

Kí ló dé tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ kò fi dé Ṣómólú, kódà fún omi mímu? Ẹ wo bí àdúgbò náà ṣe dìde. Àjàkálẹ̀ àrùn eku jà ní Èkó láti 1924 títí di 1930. Ìjọba dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti wó ilé tó há, kí wọ́n sì tún ìlú tò. Láti ibẹ̀ ni ètò ilé Yábàá ti wá. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó ní 1955, Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ. Ibi tí LEDB dé ní títì tó tọ́, gọ́tà àti nọ́ńbà. Ṣómólú àti Bàrígà wà lóde ààlà. Láti 1954, tí wọ́n yọ Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n wà, ní ẹkùn Ìkẹjà. Èkó ni ibi iṣẹ́ wọn, Ìbàdàn ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìjọba wọn.

Ilẹ̀ tí ìjọba kò tò, onílẹ̀ ló ń tò ó. Ìdílé ń gé ilẹ̀ tà, oníléelé ń kọ́ ilé tí yàrá kọjú síra, ìdílé kan sí yàrá kan, ilé ìdáná àjùmọ̀lò lẹ́yìn. Ilé ìwé CMS Grammar School, tí T. B. Macaulay dá sílẹ̀ ní 1859, kó láti Èkó wá sí Bàrígà ní 1959. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Èèyàn ń pọ̀, àwọn atẹ̀wé ń tẹ̀dó sí Ṣómólú títí ó fi di ojúkò ìwé títẹ̀ fún gbogbo Èkó. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó gba ìfohùnṣọ̀kan ojúlé púpọ̀ ló sábà máa ń kẹ́yìn: gọ́tà, omi ẹ̀rọ, ibi ìdàdọ̀tí. Nínú ilé ìdáná àjùmọ̀lò náà gan-an, sítóòfù jẹ́ ti oníkálukú. Nígbà tí kẹrosíìnì pọ̀, wọ́n dáná kẹrosíìnì. Nígbà tó wọ́n, èédú àti àdògán padà dé. Láyé àtijọ́ nínú agboolé, ọmọdé a máa lọ gba ẹyín iná ní ilé kejì, nítorí kò yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan máa ṣá ìṣáná tirẹ̀ lárààárọ̀. Ìlú ńlá gba àṣà yẹn lọ́wọ́ wa, kò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀.

Níbi tí iná ti di ti gbogbo ìlú

Ní Lockport, Ìpínlẹ̀ New York, Birdsill Holly fi páìpù gbé ooru omi láti ilé iná kan lọ sí ọ̀pọ̀ ilé ní 1877, ó sì di òwò. Èédú ilẹ̀ àti epo ni irú ilé iná bẹ́ẹ̀ ń jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀wọ́ngógó epo 1973 ló yí ọkàn wọn padà. Denmark, tó ń ra fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo epo rẹ̀ lókè òkun nígbà náà, ṣe òfin ìpèsè ooru ní 1979: ìjọba ìbílẹ̀ ní láti wéwèé bí ooru ṣe máa dé ilé, àgbègbè dé àgbègbè. Lónìí, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé Denmark ló wà lórí páìpù àjùmọ̀lò. Ọ̀pọ̀ ilé iná náà jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn tó ń lo ooru ni wọ́n ni ín, òfin kò sì gbà kí wọ́n jèrè lórí rẹ̀. Ní Växjö, ìlú igi ní gúúsù Sweden, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó àjákù igi ní ilé iná wọn ní 1980.

Ẹ̀rọ náà kò ṣòroó yé. Igi tútù, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ omi ni, nítorí náà wọn á gbẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n lo iná tó le tó láti lé omi náà jáde. Omi inú ìkòkò ńlá á gbóná, á gba páìpù tí wọ́n fi ohun tí ń há ooru mọ́ wé lọ sí abẹ́ títì, á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan, á sì gba páìpù kejì padà wá gbóná. Òkè ilé iná ni wọ́n ti ń sẹ́ èéfín. Ojú kan ṣoṣo ni èéfín ti ń jáde, ojú kan náà ni wọ́n ti lè kápá rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá ti wà lára ìtàn yìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Southwark, níbi tí Peckham tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé wà, ilé iná SELCHP ń jó ìdọ̀tí ilé láti 1994. Fún ogún ọdún, mànàmáná nìkan ló ń mú jáde. Nígbà tí wọ́n wá na páìpù rẹ̀ dé àwọn ilé ìjọba ní agbègbè Bermondsey, nǹkan bí ilé 2,500 bẹ̀rẹ̀ sí í gba ooru láti ibẹ̀. Irú páìpù àjùmọ̀lò bẹ́ẹ̀ ní àléébù tirẹ̀ pẹ̀lú: bí páìpù bá bẹ́ ní oṣù Kínní, gbogbo ojúlé ló ń tutù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó lè dá tirẹ̀ tún ṣe. Ohun àjùmọ̀ní ń béèrè àjùmọ̀tọ́jú.

Ooru wo ni Bàrígà ń wá?

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé páìpù yìí wá sí etí ọ̀sà, kí ó má gbé e wá fún yàrá. Ooru tí Bàrígà nílò wà fún ẹja yíyan, fún búrẹ́dì, fún omi tí ilé ìwòsàn Ṣómólú àti ti Gbàgádà ń fi fọ aṣọ àti irinṣẹ́. Ó sì wà fún òtútù pẹ̀lú. Láti 1859 ni Ferdinand Carré ní Faransé ti fi hàn pé ooru lè ṣe yìnyín: ẹ̀rọ tó ń fi ooru lé ammonia jáde láti inú omi, tó sì ń jẹ́ kó tún padà sínú rẹ̀, a máa fa ooru kúrò nínú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó ń jó lásán ní etí omi lè di yìnyín lábẹ́ ẹja tuntun. Ìyá tó bá ní yìnyín kò ní fi ìkánjú yan ẹja ní ọjọ́ tí ọjà kò dára.

Ṣùgbọ́n àkókò ń lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti pinnu láti kó àwọn sọ́mìlì kúrò ní Oko Bàbá lọ sí Àgbọ́wà Ìkosì ní apá Ẹ̀pẹ́. Bí ayùn bá lọ, àjákù pákó á jìnnà sí ààrò Bàrígà, igi ìdáná á sì di ohun tí a ń gbé ọkọ̀ rà. Igbó náà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Igbó ọba Ọmọ ní Ìjẹ̀bú ti rí ayùn tó. Ilé iná tó bá ń jó ju àjákù lọ á jẹ igbó tán. Denmark pàápàá ti ń ra igi wọlé láti òkèèrè, àwọn kan níbẹ̀ sì ń bi ara wọn bóyá èyí tọ́.

Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ tó bá ìtàn etí ọ̀sà mu kéré, ó sì wà nílẹ̀: ààrò àjùmọ̀lò kan ní èbúté ẹja, tó ní òpó èéfín kan, tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan ẹja ni ín, tí wọ́n ń sanwó igi rẹ̀ láti inú àjọ wọn, tí wọ́n sì ń gba àkókò lórí rẹ̀ bí àwọn bàbá wọn ṣe ń gba àáró lóko. Páìpù lè dúró. Ohun tí Denmark fi òfin kọ́ ní 1979, àwọn obìnrin yìí ti ní ẹgbẹ́ tó lè gbé e ró. Ìdọ̀tí igi kò tíì wọ́n wọn rí. Ohun tó kù ni kí ìjọba fún wọn ní ilẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní wó lórí wọn lọ́la.